Òfin Ọdẹ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Ṣe

Ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé: ọjọ́ tí ọdẹ kọ́kọ́ lé mi ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Kì í ṣe ọdẹ gidi o. Nínú eré orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, ní ìparí àwọn ọdún 1990, nílé kọ̀ǹpútà Bọ̀dá Múfú. Eré náà kò ní àwòrán, ọ̀rọ̀ lásán ló ń jáde lójú ẹ̀rọ. Mo ṣẹ ẹnìkan níbẹ̀, ó fi wúrà lé orí mi fún ọdẹ tó bá mú mi, kò pẹ́ ni mo kà á pé: "Ọdẹ kan ti dé ẹ̀yìn rẹ." Mo bojú wẹ̀yìn lóòótọ́! Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí, ṣùgbọ́n eré ti wọ̀ mí lára.

Mo kọ́ gbogbo òfin ìdọdẹ náà fúnra mi, títí kan èyí tó ní ọdẹ kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nínú ilé èrò. Nígbà tó yá, mo kọ̀wé sí òyìnbó tó ni eré pé wúrà ti pọ̀ lọ́wọ́ gbogbo wa, kò wu ẹnikẹ́ni mọ́. Ó ní kí èmi wá máa bójú tó ẹ̀bùn àwọn ọdẹ àti òfin rẹ̀ nígbà náà.

Kí ló ń wu ọmọ Ìbàdàn ju wúrà lọ? Oyè ni! Mo to oyè bí wọ́n ṣe ń tò ó nílùú wa: bí ẹni òkè bá lọ, gbogbo ẹni ìsàlẹ̀ á sún sókè. Bí ọdẹ bá mú olóyè, olóyè á já bọ́ sísàlẹ̀ pátápátá, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á gòkè. Èmi tí mo ṣòfin, mo gbé ara mi sókè téńté. Ta ni ì bá tún jókòó síbẹ̀?

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo olóyè ni wọ́n ń lé. Mo bi Sìkírá, aránṣọ tó máa ń jókòó tì mí:

"Kí lẹni yìí ṣe fún ẹ tó o fi ní kí wọ́n mú un?"

"Kò ṣe mí ní nǹkan kan, bọ̀dá. Ó kàn wà lókè mi ni."

Mo yára ṣòfin pé ọdẹ mẹ́ta gbọ́dọ̀ pawọ́ pọ̀ kí wọ́n tó lè mú olóyè. Mo rò pé wọn ò ní gbọ́ra wọn yé. Háà! Àwọn tó ti ń bára wọn jà tẹ́lẹ̀ di ọmọ ìyá. Wọ́n já àwọn olóyè lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Sìkírá sì di igbákejì mi. Lọ́jọ́ kan, mo rí orúkọ mi lára àwọn tí ọdẹ ń wá.

Akọni mi, ẹni tí mo ń darí nínú eré, tí mo ti fi ọ̀pọ̀ oṣù tọ́ dàgbà, sáré wọ ilé èrò. Mo ti gbàgbé pé nígbà tí mo ń ṣòfin oyè, èmi náà ni mo kọ ọ́ pé wọ́n á ti ẹni tó bá pẹ́ jù níbẹ̀ síta. Mo gbàdúrà kí iná lọ. Ọjọ́ yẹn gan-an niná dúró digbí.

"Bọ̀dá Múfú, ẹ dákun, ẹ bá mi pa ẹ̀rọ yìí!"

"Kí n pa á kẹ̀? Àbúrò, èmi ni mo wà nípò kẹta. Jẹ́ kí n gòkè!"

Ẹnu ọ̀nà ilé èrò ni Sìkírá àti ọdẹ méjì ti mú mi. Gbogbo ilé kọ̀ǹpútà hó yèè. Ìtìjú bò mí, mo ń wá bàtà mi kí n máa lọ sílé, ni Sìkírá bá fà mí láṣọ.

"Bọ̀dá, ẹ má tíì lọ. Ẹ ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n èmi ló kù lókè báyìí, wọ́n sì ti ń bọ̀! Níbo ni mo máa sá gbà?"

Mo jókòó padà. A jọ sá títí ọwọ́ fi tẹ òun náà. Lọ́jọ́ kejì, a jọ tún òfin ṣe: ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ nìkan ló lè ní kí wọ́n mú ènìyàn. Mo kọ́gbọ́n pé bí o bá fẹ́ mọ ẹni tí wọn yóò lé, má wo ẹni tó dẹ́ṣẹ̀. Wo ohun tí o fi ṣe ẹ̀bùn.

Èmi náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Títí eré náà fi kógbá sílé, ipò kọkàndínlógún ni mo gùn dé nínú ogún ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi rẹ́rìn-ín: ẹni tó wà nípò ogún ọ̀hún, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí eré parí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọnú eré.