Oògùn Màmá Mi Tó Sọ Mí Di Ẹni Tó Ń Wá Ọmọ

Kò sí ohun tó máa yọ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn kúrò lọ́kàn mi. Màmá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì sí Isuada, ní jẹjẹrẹ ọyàn. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Tamọ́sífẹ̀n ló kù tó ń lò, oògùn tí kì í jẹ́ kí họ́móònù ara máa bọ́ jẹjẹrẹ náà. Ojoojúmọ́ ló gbọ́dọ̀ lò ó, ó sì ti ku ẹyọ méjì. Èmi nìkan ló mọ̀. Ó ti mú mi búra, ìyàwó mi gan-an ò gbọ́dọ̀ gbọ́.

"Tí wọ́n bá bi ọ́, sọ pé tìẹ ni."

Èmi ọmọ tó ń gbọ́ràn, mo gbéra. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mo dé ní Ọ̀wọ̀ tí wọ́n ní àwọn tó ń kó o wá ò kó o wá mọ́. Ní ìkẹrin, ọkùnrin tó ń tà á wò mí látòkè délẹ̀.

"Ta ló fẹ́ lò ó?"

"Èmi ni."

Ó rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ gbogbo ẹni tó tò sẹ́yìn mi ló gbọ́. "Ẹ má tijú, ọ̀gá. Àwọn ọkùnrin tí wọn ò tíì rọ́mọ bí náà ń rà á. Ìyàwó yín á lóyún."

Ọmọ mẹ́rin ni mo bí. Kàkà kí n dákẹ́, mo ní, "Àmín." Ó fún mi ní páálí kan ṣoṣo tó kù. Mo yíjú, Ìyá Ìjọ wa ló wà lẹ́yìn mi.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, àwọn obìnrin ìjọ wá gbàdúrà ọmọ fún ìyàwó mi. Nígbà tó di Sátidé, àwọn kan ti ń béèrè ẹni tó ni àwọn mẹ́rin tó wà nílẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n ṣàlàyé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á kó ẹrù òun. Ìbúra di mí lẹ́nu. Mo sáré lọ rò ó fún Màmá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó dìde láàárín ìjọ. "Èmi ni mo ni oògùn yẹn. Jẹjẹrẹ ọyàn ló ń ṣe mí. Ẹ fi ìyàwó ọmọ mi sílẹ̀."

Bí a ṣe jáde, Ìyá Ìjọ fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo rò pé ó fẹ́ tọrọ àforíjì ni.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ yín? Èyí tí ọmọ yín rà lójú mi, òun ni mo wá rà. Ohun tó ń ṣe yín ló ń ṣe èmi náà."

Màmá mú un lọ sílé, wọ́n pín oògùn náà sí méjì. Ní tèmi, orúkọ àìsàn ni mo kọ́kọ́ ń dá báyìí tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù oògùn. Mo sì máa ń gbọ́ àdúrà tán kí n tó ṣe àmín.