Akóredé Ahọ́n Wúrà àti Kéèkì Olótùútù

Ẹ bá mi kí Akóredé. Ẹ má kàn pè é ní Akóredé lásán o, inú rẹ̀ kì í dùn sí i. Akóredé Ahọ́n Wúrà ni kí ẹ pè é, Ọba Èéfín, Aláṣẹ Ìkùukùu, ọmọ a-tú-èéfín-bí-ọkọ̀-ojú-irin-Àgbàdo. Bí ẹ bá kí i tán, kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Á kọ́kọ́ fa féèpù rẹ̀, á tú èéfín gba ihò imú méjèèjì, á wojú sánmà, kó tó wá rántí pé ẹ̀yin wà níbẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ féèpù, nǹkan bíi bírò ni, ó ní bátìrì nínú, òun ni àwọn ọ̀dọ́ ń fà dípò sìgá. Omi tí wọ́n ń pè ní júùsì ló wà nínú rẹ̀. Bátìrì á mú omi náà gbóná títí á fi di èéfín, fìléfọ̀, èròjà olóòórùn tí wọ́n bá fi pò ó, ló máa sọ bóyá èéfín náà á ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí bí àgbọn. Akóredé kì í ra júùsì tí ẹlòmíràn pò. Fúnra rẹ̀ ló ń pò ó nílé, tó ń tà á nínú ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́bàá títì márosẹ̀ ní Ìbàfò. Èmi tí mò ń tún fáànù ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ọ̀fẹ́ ni mo ń gbọ́ òórùn náà látàárọ̀ dalẹ́. Ohun kan tí mi ò rí ìdí rẹ̀ ni pé bó bá ti tú èéfín báyìí, ebi búrẹ́dì ló máa ń pa mí.

Àmọ́ kì í ṣe júùsì ni Akóredé fi ń yangàn, ahọ́n rẹ̀ ni. Ó ní bí òun bá tọ́ fìléfọ̀ wò, òun á sọ orílẹ̀-èdè tó ti wá, òun á sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, òun á sì sọ bóyá ẹni tó dé ìgò náà fọ ọwọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní lọ́jọ́ tí òun bá kú, kí wọ́n sin ahọ́n náà lọ́tọ̀.

"Fìléfọ̀ Màléṣíà nìkan ni mò ń lò," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. "Ẹni tó bá fi ti ilé-iṣẹ́ kan pààrọ̀ tòmíràn, olè ni. Olè gidi. Ẹni tó ń ta wúrà kì í bá ẹni tó ń ta agolo pín bẹ́ǹṣì."

Mùsáfírù, tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní òdì kejì títì, ni oníbàárà rẹ̀ tó lẹ́nu jù. Ó bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ọ̀gá, tí Màléṣíà bá wá tán ńkọ́?"

"Bó bá tán, màá ti ṣọ́ọ̀bù. Màá jókòó sílé, màá máa gbààwẹ̀."

Ó tán lóòótọ́, nítorí ọjà òkè òkun ti wọ́n kọjá sísọ. Akóredé ò ti ṣọ́ọ̀bù, kò sì gbààwẹ̀. Ó lọ sí ọjà Ìfọ̀, ó ra fìléfọ̀ àgbọn pọ́ọ́kú kan tí wọ́n ń wọ̀n láti inú kẹ́ẹ̀gì, ó fi pò júùsì. Oníbàárà àkọ́kọ́ tó fà á ní ó ń rùn bí ọṣẹ ìfọṣọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti kan ìyàwó.

Toyyibah ìyàwó rẹ̀, ìyá Ummulkhair ọmọ wọn, ń ṣe búrẹ́dì àti kéèkì lẹ́yìnkùlé. Búrẹ́dì alágbọn rẹ̀ ni gbogbo àdúgbò wa fi ń la ojú láàárọ̀. Irú fìléfọ̀ kan ṣoṣo ló ń lò, èyí tí ìyá rẹ̀ lò kó tó lò ó, kò sì yí i padà rí. Nǹkan yìí ni ọkọ gbójú lé. Bí Toyyibah bá ti tẹ́ ẹní láti kírun, Akóredé á yọ́ wọ kíṣìnnì, á tú fìléfọ̀ Toyyibah sínú ìgò Màléṣíà tó ti ṣófo, á wá fi ti Ìfọ̀ tó ń rùn bí ọṣẹ kún ìgò ìyàwó padà. Bí ìyàwó ṣe ń forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run ni ọkọ ń forí wọ kọ́bọ́ọ̀dù.

Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń sá fún búrẹ́dì Toyyibah. Alhaja Hàfísátù, tó ni ilé-ìwé àwọn ọmọ kéékèèké kan ní Mòwé, ló ń rà jù lọ, torí búrẹ́dì náà ló ń fún àwọn ọmọ jẹ lójoojúmọ́. Ó ránṣẹ́ pè é.

"Toyyibah, àwọn ọmọ ń dá búrẹ́dì rẹ padà. Ọ̀kan tiẹ̀ bi mí bóyá kóun jẹ ẹ́ ni àbí kóun fi wẹ̀."

Toyyibah sunkún délé. Bí iṣẹ́ ilé-ìwé yẹn bá bọ́, kò sí ohun tó máa mú ààrò rẹ̀ gbóná mọ́. Ó wá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ̀gbọ́n, bóyá ọwọ́ mi ló ti bàjẹ́."

Akóredé gbọ́ láti ìta tirẹ̀. Ó tú èéfín. "Ìyá Ummulkhair, má wulẹ̀ da ara ẹ láàmú. Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni Ọlọ́run fún ní ahọ́n."

Bí mo bá rántí ọ̀rọ̀ yẹn, inú ṣì máa ń bí mi. Obìnrin ń sunkún nǹkan tó sọ nù, ẹni tó gbé e ló tún ń fún un nímọ̀ràn.

Lásìkò yìí kan náà, Ahọ́n Wúrà ń múra láti ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì. Mòwé ló fẹ́ ṣí i sí, nínú ilé Bàbá Ògúnbọ̀dé, àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo ẹni tó lórúkọ ló pè, Alhaja Hàfísátù náà wà lára wọn. Kéèkì ọjọ́ náà, ó ní kí ìyàwó òun ṣe é, torí ọ̀fẹ́ ni ìyẹn. Toyyibah rí i pé àǹfààní ìkẹyìn nìyí. Ó lọ kúnlẹ̀ fún Alhaja.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi tọ́ kéèkì mi wò lọ́jọ́ náà. Bí kò bá dáa, kí ẹ gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn, mi ò ní bínú."

"Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan yìí ni o."

Toyyibah lọ sí Àgbàdo, ó ra ìgò fìléfọ̀ tuntun, ó kún dé ẹnu. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó gbé ìyẹ̀fun kalẹ̀, ó lọ kírun Àsárì. Akóredé yọ́ wọlé. Àlejò tó ń bọ̀ pọ̀, torí náà èyí tó tú pọ̀; díẹ̀ ló ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ìgò. Ó wá na ọwọ́ sí ti Ìfọ̀ kó fi dí i. Ṣùgbọ́n Akóredé ti ha ìwé ara gbogbo ìgò rẹ̀ dànù, kí oníbàárà má baà mọ ibi tí ọjà ti wá, gbogbo ìgò wá rí bákan náà. Ó gbọ́ tí ìyàwó ń sálámà láti parí ìrun. Ó gbé èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà, ó dà á sínú ìgò Toyyibah títí ó fi kún, ó sá jáde.

Èyí tó gbé kì í ṣe ti Ìfọ̀. Áìsì ni. Áìsì yìí kò láwọ̀, kò lóòórùn, iṣẹ́ kan ló mọ̀: kí èéfín tutù lọ́fun bí ẹni mu omi fírísà. Ẹ̀kán díẹ̀ ni àwọn tó mọ̀ ọ́n lò máa ń lò. Ahọ́n Wúrà lo ìgò kan.

Toyyibah padà dé, ó ṣí ìgò rẹ̀. Àgbọn ló gbọ́, kò gbọ́ ọṣẹ. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì da fìléfọ̀ sí kéèkì náà dáadáa.

Lọ́jọ́ ìṣíde, oòrùn mú débi pé àwọn ewúrẹ́ wá sá sábẹ́ àga àwọn àlejò. Akóredé wọ agbádá funfun, ó gba máìkì, kò sì fi sílẹ̀ mọ́. Ó kí ara rẹ̀, ó dá ara rẹ̀ lóhùn, ó gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún ahọ́n rẹ̀.

"Ẹni tó bá fi ti ilé-iṣẹ́ kan pààrọ̀ tòmíràn, kí ni wọ́n ń pè é?"

"Olè," ni àwọn ọ̀dọ́ dáhùn.

"Olè báwo?"

"Olè gidi."

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n gé kéèkì, Toyyibah gbé e káàkiri. Bàbá Ògúnbọ̀dé ló kọ́kọ́ jẹ. Ó jẹ ẹ́, ó dúró. Ó mí síta, ó mí sínú, ó fọwọ́ kan ètè rẹ̀.

"Ta ló ṣí fírísà sí mi lẹ́nu?"

Ká tó pajú dé, gbogbo abẹ́ kánópì ti la ẹnu sílẹ̀, wọ́n ń fa atẹ́gùn bí ẹni jẹ ata, àmọ́ òtútù ni. Mùsáfírù ní eyín òun ń gbọ̀n. Toyyibah dúró gbagidi pẹ̀lú atẹ́ lọ́wọ́, omi ti dé ojú rẹ̀. Ojú Alhaja Hàfísátù ló ń wò. Alhaja gé díẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó fi aṣọ ìbòrí nu iwájú orí, ó tún mú òmíràn.

"Nínú oòrùn yìí," ó ní, "kéèkì yìí ń tù mí lára. Àgbọn rẹ̀ sì dá ṣáká. Toyyibah, báwo lo ṣe ṣe é?"

Toyyibah ò lè purọ́. "Mi ò mọ̀, mà. Bí mo ṣe máa ń ṣe é náà ni. Mi ò mọ ibi tí òtútù ti wọ̀ ọ́."

Ìyìn wà nílẹ̀, kò sí ẹni tó ni ín. Akóredé wò ó. Ara rẹ̀ ò gbà á. Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó lè dákẹ́ kó là, tó ní kò sí ohun tó jọ bẹ́ẹ̀.

"Èmi ni," ó sọ ọ́ sínú máìkì. "Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Áìsì ni wọ́n ń pè é."

"O fi sínú kéèkì?" Alhaja bi í.

"Inú ìgò fìléfọ̀ rẹ̀ ni mo dà á sí. Ọwọ́ ara mi ni mo fi dà á."

Àwọn àgbà ní ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ti Akóredé tún wá ní máìkì.

Toyyibah gbé atẹ́ sílẹ̀. "Ìgò mi?"

"Ìgò àgbọn rẹ, ìyàwó mi. Mo fẹ́ kó yà ọ́ lẹ́nu ni."

"Bàbá Ummulkhair, ìgò yẹn kún dé ẹnu nígbà tí mo lọ kírun. Kí ẹ tó rí àyè da nǹkan sí i, ẹ ti ní láti da nǹkan kúrò níbẹ̀. Àgbọn mi dà?"

Bí ọ̀rọ̀ bá ti le fún Akóredé, féèpù ló máa ń sá bá. Ó gbé e sẹ́nu, ó fà á, ó tú èéfín ńlá kan jáde síwájú àwọn àgbà. Alhaja gbé imú sókè.

"Búrẹ́dì Toyyibah nìyí," ó ní. "Èyí tí àwọn ọmọ mi ń jẹ kó tó di ọṣẹ."

Ìgbà yẹn ni èmi náà mọ ìdí tí ebi fi ń pa mí láti ọjọ́ yìí.

Mùsáfírù dìde. "Ọ̀gá, ṣé kíṣìnnì yín ni Màléṣíà? Búrẹ́dì ni mo ti ń fà látọjọ́ yìí? Abájọ tí ikọ́ ò fi mí sílẹ̀."

Ẹ̀rín sọ. Akóredé ní káwọn èèyàn fara balẹ̀, ó ní pípààrọ̀ yàtọ̀ sí jíjí, ó ní àwọn onímọ̀ nìkan ló lè yé. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Olè báwo?" Gbogbo wọn dáhùn.

"Ohun tí wọ́n ṣe fún ikùn," Alhaja sọ fún un, kò rẹ́rìn-ín, "o kó o ránṣẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ọlọ́mọ. O wá jẹ́ kí ìyàwó rẹ máa fura sí ọwọ́ ara rẹ̀."

Bàbá Ògúnbọ̀dé fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Akóredé, dọ̀bálẹ̀."

"Fún ta ni, bàbá?"

"Fún ẹni tó ni ìgò."

Agbádá funfun wọ inú iyẹ̀pẹ̀ pupa Mòwé. Kò rántí gbé máìkì sílẹ̀, torí náà "ìyàwó mi, má bínú" tó sọ, gbogbo ibùdókọ̀ ló gbọ́ ọ. Àwọn tó ń dúró de mọ́tò pàtẹ́wọ́ fún un.

Alhaja ní kí Toyyibah gbé búrẹ́dì wá sí ilé-ìwé láti ọjọ́ Ajé, kó sì máa ṣe kéèkì olótùútù náà fún òun lọ́tọ̀, kó fi ìwọ̀nba áìsì sí i. Bàbá Ògúnbọ̀dé náà sọ ti ẹnu rẹ̀. Ó ní ẹni tó mọ ohun tó ń tà lòun ń fún ní ilé òun. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọkọ, ó fi lé ìyàwó lọ́wọ́.

Mo kọjá níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Akóredé dúró nídìí káńtà, ó wọ épúrọ́ọ̀nù, ìyẹ̀fun wà nírùngbọ̀n rẹ̀, ó ń di búrẹ́dì fún àwọn èèyàn. Obìnrin kan gbé búrẹ́dì símú.

"Bọ̀ọ̀dá, òórùn yìí dára o. Irú fìléfọ̀ wo lẹ ń lò?"

Akóredé fa èémí sínú, ó gbé àyà, ó la ẹnu. Lẹ́yìn náà ló yíjú wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì.

"Ẹ bi ìyàwó mi, mà."