Ọjọ́ Tí Ọ̀gá Láníhùn Bẹ́ Orí Kọ̀ǹpútà

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, àbí ẹ kàn ń bá wọn mi orí ni? Ẹ má sọ fún mi pé bàbá bàbá yín ti ń pa á kí wọ́n tó bí mi. Bàbá bàbá yín gbọ́ ọ níbì kan ni. Ojú èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí ló ṣe, inú sì ń bí mi di òní.

Iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ìsọ̀ mi sì kọjú sí ilé Ọ̀gá Láníhùn, tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Tí ẹ bá gbọ́ tí mò ń pè é ní "ó" dípò "wọ́n", ẹ foríjì mí, ohun tó ṣe ló fà á. Òun ni akọ̀wé Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú ìlú wa láti ọdún méjìdínlógún. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹgbẹ́ tí kò bá ní kàlẹ́ńdà, ẹgbẹ́ kọ́ nìyẹn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń tẹ kàlẹ́ńdà tó ní àwòrán gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, Ọ̀gá Láníhùn ló sì ń tò wọ́n sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré kọ́ o. Àwòrán ta ni yóò wà ní ìlà iwájú? Ta ni yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alága? Oṣù mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi jà sí i lọ́dún yẹn. Olóyè Jagun, tó fẹ́ ẹ̀gbẹ́ alága, tilẹ̀ ju fìlà mọ́lẹ̀ nípàdé. Nígbà tí ìjà máa parí, wọ́n fi Ọ̀gá Láníhùn fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ alága, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń to àwọn ẹlòmíì síbẹ̀. Ó ti pe gbogbo ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ó ti sọ fún wọn. Sátidé ni ìfilọ́lẹ̀ kàlẹ́ńdà náà.

Kọ̀ǹpútà náà ti gbó, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: bí wọ́n bá ti tàn án, á ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2003 lòní. Ọ̀gá Láníhùn á tún un ṣe, tó bá di ọjọ́ kejì, á tún padà sí 2003. Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ ìfilọ́lẹ̀ ló pè mí.

"Mopé, ṣé ó yẹ kí ẹ̀rọ tó ń ṣe kàlẹ́ńdà má mọ ọjọ́?"

Mo ní, "Ọ̀gá, bátìrì ni. Bátìrì pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó dà bíi bọ́tìnnì ẹ̀wù, òun ló ti kú. Tí mo bá jẹun tán, mo máa bá yín pààrọ̀ rẹ̀."

Ṣé kò yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀? Ó yẹ. Ṣùgbọ́n tíṣà ò fẹ́ràn ìdáhùn tó kúrú. Kí n tó fọwọ́ tán, ó ti wo fídíò kan, ó ti rí i pé ohun tí wọ́n ń pè ní báyọ́ọ̀sì ló ń di ọjọ́ kọ̀ǹpútà mú. Ẹ jẹ́ n là á yé yín. Ìtọ́ni díẹ̀ ni báyọ́ọ̀sì, wọ́n kọ ọ́ sínú ṣíìpù kékeré kan lórí pátákó inú kọ̀ǹpútà. Òun ló ń jí i, tó ń sọ fún un pé ojú rẹ nìyí, ọwọ́ rẹ nìyí. Orí kọ̀ǹpútà gan-an ni. Ọ̀gá Láníhùn wá pinnu pé òun yóò pa ti àtijọ́ rẹ́, òun yóò kọ tuntun sí i.

Fídíò náà kìlọ̀ pé bí iná bá lọ lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kọ̀ǹpútà á kú pátápátá. Ọ̀gá Láníhùn kì í ṣe òmùgọ̀, kò gbára lé Nẹ́pà. Ó rọ epo kún jẹnẹrétọ̀ dé ẹnu, ó tàn án, ó jókòó ti iṣẹ́. Iṣẹ́ ń lọ, ó ti dé ìdajì.

Ìgbà náà ni Nẹ́pà mú iná dé.

"Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Gbogbo àdúgbò hó yèè. Ìyá Àbẹ̀ní, ìyàwó Ọ̀gá Láníhùn, ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ohun tí ẹ̀yin náà ì bá ṣe ló ṣe: ó sáré lọ pa jẹnẹrétọ̀ kí epo má baà ṣòfò.

"Ta ló pa á?" Igbe Ọ̀gá Láníhùn dé ìsọ̀ mi.

"Èmi ni, Bàbá Àbẹ̀ní. Iná ti dé!" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ti gbọ́ ọ rí pé iná dé, kọ̀ǹpútà sì kú?

Nígbà tí mo débẹ̀, ó tàn, fáànù rẹ̀ ń yí, ojú rẹ̀ dúdú kirikiri. Mo ní kí n yọ dísìkì rẹ̀, ibi tí iṣẹ́ pamọ́ sí, sínú kọ̀ǹpútà tèmi, kí a ṣáà rí kàlẹ́ńdà náà gbà. Ọ̀gá Láníhùn wolẹ̀.

"Mo ti tì í," ló wí. Nítorí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ń yọ́ wá wo ibi tí àwòrán wọn wà, ó ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà de dísìkì náà mọ́ kọ̀ǹpútà yẹn, kò lè ṣí fún òmíràn. Àfi kí orí tó bẹ́ yẹn padà sọ́rùn, tàbí kí ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà oṣù mẹ́fà lákọ̀tun.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún mi láyè kí n ronú. Kò fún mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tú pátákó náà, ó sá a sóòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gẹ́ ìyàwó rẹ̀. Adìyẹ kan gùn ún. Lọ́jọ́rú, ó rì í sínú àpò ìrẹsì, ó ní ìrẹsì ń wo fóònù sàn.

"Ọ̀gá, fóònù tó bọ́ sómi nìyẹn. Ṣé èyí bọ́ sómi ni?"

"Kò bọ́ sómi. Ṣùgbọ́n ìrẹsì ò ṣáà ní pa á lára."

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbọ́ ariwo, mo sáré jáde. Ọ̀gá Láníhùn ló nawọ́ mú pátákó sókè agbada gbígbóná. Wọ́n ti sọ fún un pé ooru á mú kí òjé inú rẹ̀ yọ́, kó tún dì dáadáa. Ìyá Àbẹ̀ní dì í lápá mú, ó ń pariwo pé, "Gàrí ni mo fẹ́ yan níbẹ̀ o!" Mo já pátákó náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Olóyè Jagun ní irú kọ̀ǹpútà yẹn gẹ́lẹ́. Ọjọ́ kan náà ni òun àti Ọ̀gá Láníhùn rà wọ́n lọ́wọ́ iléèwé kan tó ń ta ẹrù àtijọ́. A ó tan ti Jagun, bó bá ti jí tán tí kò nílò ṣíìpù mọ́, a ó yọ ṣíìpù rẹ̀ nígbà tí iná ṣì wà lára rẹ̀, a ó fi òkú ṣíìpù Ọ̀gá Láníhùn síbẹ̀, a ó sì kọ báyọ́ọ̀sì sí i. A lọ bẹ̀ ẹ́.

"Tíṣà," ni Jagun wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, "ẹ̀gbẹ́ alága ni mo fẹ́."

"Bàbá Jagun, èmi ni mo wà níbẹ̀!"

"Mo mọ̀."

Ọ̀gá Láníhùn wo ilẹ̀, ó wo òkè, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní ó dáa. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì tún bí mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Jagun gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá sí pálọ̀ Ọ̀gá Láníhùn. A tan jẹnẹrétọ̀. Mo yọ ṣíìpù ààyè, mo fi òkú síbẹ̀. Kíkọ bẹ̀rẹ̀. A dé ìdajì, àdúgbò tún hó: "Ọ́ọ̀pù Nẹ́pà!" Ìyá Àbẹ̀ní ti dìde kó tó mọ̀. Ọ̀gá Láníhùn fò mọ́ ọn, Jagun di ìró rẹ̀ mú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣubú lulẹ̀ gbì. Nígbà tí wọ́n máa dìde, iṣẹ́ ti parí.

Mo dá ṣíìpù Jagun padà sí tirẹ̀, mo sì dá èyí tí a kọ padà sínú pátákó Ọ̀gá Láníhùn. Mo tàn án. Ó jí! Kàlẹ́ńdà wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò kúrò ní ìlà rẹ̀. A dì mọ́ra wa. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gá Láníhùn wo igun ojú kọ̀ǹpútà.

"Mopé, 2003 náà ló tún ń sọ."

Mo pa á, mo yọ bátìrì bíi bọ́tìnnì yẹn, mo fi tuntun síbẹ̀, mo tún ọjọ́ ṣe. Kò gbà mí ní àsìkò tí èèyàn fi ń wọ bàtà. Mo pa á, mo tún tàn án: ọjọ́ náà pé.

Jagun ò sì kúrò níbẹ̀ títí Ọ̀gá Láníhùn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé àwòrán ara rẹ̀ lọ sí ìlà ẹ̀yìn pátápátá, lẹ́yìn obìnrin kan tí gèlè rẹ̀ bo ìdajì ojú rẹ̀.

Nígbà tó ṣe é tán, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. "Ìyá Àbẹ̀ní, orí ń fọ́ mi. Bá mi wá oògùn sí i."

Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń pe obìnrin yìí ní apani nítorí jẹnẹrétọ̀ tó pa. Ìyá Àbẹ̀ní dìde wẹ́rẹ́, ó lọ sẹ́yìnkùlé, ó sì gbé àdá tó fi ń gé ẹ̀gẹ́ wọlé.

"Bàbá Àbẹ̀ní, ẹ na ọrùn."

Jagun ju kọ̀ǹpútà rẹ̀ sórí àga, ó bọ́ sáàárín wọn. "Ìyàwó wa, rárá o! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́!"

Ìyá Àbẹ̀ní wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. "Bàbá Jagun, ẹ kúkú sọ ọ́ sókè kí wọ́n gbọ́."

Jagun sì tún un sọ. Èmi náà bá a sọ ọ́. Àwọn tó wà níta, tí wọ́n ṣì ń kí Nẹ́pà káàbọ̀, gbà á lẹ́nu wa, wọ́n sì mú un lọ ilé: orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.