Ìbò Mẹ́ta Láti Orí Kọ̀ǹpútà Kan

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, tọ́rọ́ ni sítáǹbù lẹ́tà. Tọ́rọ́ yẹn á gbé ọ̀rọ̀ mi láti Ìbàdàn dé ọ̀dọ̀ bàbá mi lábúlé, kò sì ní yà sílé ẹlòmíì lọ́nà. Lónìí, dátà ẹgbẹ̀rún náírà kì í tó mi lò lọ́sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ mi sì lè gba ẹnu ẹni mẹ́ta jáde kí n tó ṣẹ́jú. Mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò ní gbàgbé, bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Bọ́lá, ń gbé ní Dutse Alhaji. Èmi ni sẹ̀kítírì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Àbújá láti ọjọ́ tí a ti dá a sílẹ̀. Àfi bí Dàpọ̀ ẹnjiníà, ọmọ tí mo jẹ ìrẹsì ìkómọ rẹ̀, ṣe ní òun fẹ́ gbapò mi. Ó ní òun máa tún ìkànnì tí ẹgbẹ́ fi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣe: ẹni tó bá ti kú, òun á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Làmídì, tó fi lọ́rì rẹ̀ kó ẹrù wa wá sí Àbújá láìgba kọ́bọ̀, ṣé òun la fẹ́ fà tu bí èpò? Mo ní kò ní ṣojú mi. Wọ́n ní ká dìbò lórí ìkànnì.

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bọ́lá ọmọ mi ti bá mi fi ètò kan sórí kọ̀ǹpútà, èyí tó ń kó gbogbo àkáǹtì tí èèyàn fi ń wọ ìkànnì sójú kan. Àwòrán kéékèèké mẹ́ta tò sápá òsì: tèmi, ti ìyá rẹ̀ tí fóònù rẹ̀ já sómi, àti ti ẹgbẹ́ tí mo fi ń kéde ìpàdé. Bọ́lá ní, "Daddy, ẹ lo tiyín nìkan o." Mo ní, "Èmi tí mo ṣàkóso fáìlì odidi ilé iṣẹ́ ìjọba?" Ẹ gbọ́ ẹnu!

Ìbò bẹ̀rẹ̀. Mo kọ ọ́ pé: "Èmi tí mo wà níbẹ̀ nígbà tí a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀, ara mi ni mo dìbò fún. Kò sẹ́ni tó máa lé mi." Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbé e. Mo tẹ àwòrán kejì kí n wò ó bóyá ó ti lọ. Ìkànnì ẹgbẹ́ ṣí, mi ò rí ọ̀rọ̀ mi níbẹ̀. Mo tún un kọ. Kò lọ. Mo tẹ ìkẹta, mo tún un kọ. Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa jí, ó kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá Bọ́lá dìbò fún ara rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà dìbò fún ara rẹ̀.

"Ha! Mama náà ti jáde du ipò!" ni ẹnì kan kọ láti Karmo.

Dàpọ̀ kọ tirẹ̀: "Kai! Bàbá, ẹ rọra o. Ó ku kí Bàbá Làmídì náà wá dìbò. Ṣé ẹ rí i pé ó yẹ ká yọ àwọn òkú?"

Mo padà sórí àwòrán kejì kí n pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń pa á. Mo bá sáré kọ àlàyé: "Ẹ má bínú, àṣìṣe ni. Àkáǹtì ìyàwó mi ni mo ṣèèṣì lò." Ó ti lọ kí n tó rí i pé òun náà ni mo ṣì ń lò.

Ẹnì kan bèèrè pé: "Mama, ìgbà wo lẹ gbéyàwó?"

Ibẹ̀ ni Ìyá Bọ́lá wọlé bá mi. "Bàbá Bọ́lá! Ará ilé kejì, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ń kí mi kú ìmúra ìbò látorí ògiri. Ìbò kí ni?"

Mo ṣàlàyé. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní, "Ká sòótọ́, Dàpọ̀ ni mo fẹ́ dìbò fún, kí ojú yín lè sinmi."

Mo ní, "Á yọ Làmídì o."

Làmídì ló ru bẹ́ẹ̀dì wa gun òkè Mpape, ibi tí a kọ́kọ́ gbé, níjọ́ tí a dé Àbújá. Ìyá Bọ́lá fa àga súnmọ́ mi. "Níbo ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí?"

Ohùn ara rẹ̀ ló fi ránṣẹ́: "Ìyá Bọ́lá nìyí. Mi ò du ipò kankan, mi ò sì níyàwó. Ọkọ mi ni mo dìbò fún. Dàpọ̀, ọmọ mi, bí o bá fẹ́ yọ Làmídì, èmi ni kí o kọ́kọ́ yọ."

Wọ́n fagi lé méjì nínú ìbò mi, wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ohùn yẹn, àwọn tó ti ń wòran bẹ̀rẹ̀ sí dìbò, mo sì wọlé. Dàpọ̀ kọ ọ́ pé, "Ẹ kú oríire, Bàbá. Ṣùgbọ́n Mama ló wọlé o, kì í ṣe ẹ̀yin."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí èèyàn tó sọ̀rọ̀, kó kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnu ara rẹ̀ ló ń lò. Ẹni tó bá rò pé ìtìjú á mú mi yọ ètò náà kúrò, ó ṣìṣe. Mo ti fi àwòrán kẹrin kún un, ti ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kí Olúwa ṣàánú ìjọ!

Àwa mẹ́fà la dá ẹgbẹ́ yẹn sílẹ̀. Fọlárìn ṣì wà, ó ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Karmo. Ìyá Bọ́lá wà. Èmi náà rèé. Àjàyí ti lọ. Ìyá Ìbejì ti lọ. Làmídì ti lọ. Orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣì wà lórí ìkànnì, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.