Ìbẹ́pẹ Hàwáù àti Kóòtù Funfun Tíṣà

Ẹjọ́ tó dé àgbàlá Baálẹ̀ àdúgbò wa ní Fìdítì lánàá, ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́ ló kọ́kọ́ dá ara rẹ̀ lẹ́bi kí olùpẹjọ́ tó lanu. Hàwáù ni, ìyá àgbà tó ń ta èso ní ìdíkọ̀ láti ìgbà tí eyín rẹ̀ ti pé. Ó kúnlẹ̀, orúnkún rẹ̀ ké bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Baálẹ̀, kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ìwà òmùgọ̀ tèmi. Ìbẹ́pẹ kì í ṣe ohun tí à ń jù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì jù ú. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń fọ́nnu pé èso mi kan ò bọ́ sílẹ̀ rí, ẹnu náà ló tì mí. Mo gbá tẹ̀lé bọ̀lẹ́kájà, ìró mi ń tú, bàtà mi kan ti dúró sẹ́yìn. Àgbàlagbà bíi tèmi. Ewúrẹ́ pàápàá yà fún mi."

Gbogbo wa la mọ iṣẹ́ ọ̀hún. Mọ́tò Ìbàdàn kì í dúró pẹ́. Ìgbà tó bá ń gbéra ni èrò máa ń rántí pé òùngbẹ ń gbẹ wọ́n. Owó á tinú mọ́tò bọ́ síta, ọsàn á tìta wọlé, ẹni tó rà á á na ọwọ́, á hán an.

Ẹni tó pẹjọ́, Tíṣà Olúkúnlé, ọmọ Abẹ́òkúta tó dé síbí níbẹ̀rẹ̀ ọdún, dìde. Ó gbé kóòtù funfun kan sókè. Omi ìbẹ́pẹ ti pa á láró láti ọrùn dé bọ́tìnnì kẹta, kóró rẹ̀ méjì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ìwé wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, Gẹ̀ẹ́sì ni, kánsù ló fẹ́ fi í ránṣẹ́ sí. Bí Baálẹ̀ bá tẹ ìka sí i, Hàwáù ò ní tajà ní ìdíkọ̀ mọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìwé náà. Bó bá patẹ sílé, adìyẹ nìkan ni yóò máa wá ná ọjà.

"Kà á," ni Baálẹ̀ wí.

Tíṣà kà á. Ó dún bí òjò lórí páànù.

"Ó dùn gbọ́. Kí ló sọ?"

"Mo kọ ọ́ pé Màmá yìí họ́ọ̀lù ìbẹ́pẹ mọ́ mi lára."

"Kí ni wọ́n ń pè ní họ́ọ̀lù?" Hàwáù ló bi í.

"Kí èèyàn ju nǹkan tagbára-tagbára, bí ẹni ń sọ òkò sí paramọ́lẹ̀."

"Baálẹ̀, ẹ gbọ́. Ṣé ẹni tó fún mi ní tọ́rọ́ ni n ó sọ lókò? Mo jù ú fún un ni, n ò jù ú lù ú."

Baálẹ̀ fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Òyìnbó kó ẹrù lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n wá fi họ́ọ̀lù sílẹ̀ dè wá. Tíṣà, kò sí òmíràn tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ?"

"Ó wà, Bàbá. Tọ́ọ̀sì wà, ìyẹn rọ̀, bí ẹni ju bọ́ọ̀lù sí ọmọdé. Fílìngì wà, ti ẹni tí kò wo ibi tó ń ju nǹkan sí. Họ́ọ̀lù ni ẹ̀gbọ́n gbogbo wọn."

"Tọ́ọ̀sì ni mo ṣe," ni Hàwáù wí kíá. "Ẹ bá mi kọ tọ́ọ̀sì síbẹ̀."

Ọ̀tún Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá yìí ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì."

"Ìbẹ̀rù ló kọ́ mi, Bàbá."

Wọ́n pe Yúnúsà, kọ̀ndọ́ bọ̀lẹ́kájà náà.

"Mọ́tò wa ò tíì gbéra dáadáa," ló wí. "Ìgbín ì bá yà wá sílẹ̀."

"Kí ni Hàwáù wá ń sáré lé?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Màmá kúkú máa ń sáré ni. Bí a bá páàkì pàápàá, wọ́n á sáré."

Sàúdátù ló kàn, ẹni tí àtẹ ọsàn rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Hàwáù, tí wọ́n sì jọ ń du oníbàárà. "Irọ́ ló ń pa. Mọ́tò náà ń fò. Eruku tó gbé sókè, n ò rí ọwọ́ ara mi."

"O ò rí ọwọ́ rẹ, o rí ìbẹ́pẹ?"

"Ìyẹn mo rí. Ó gba ẹ̀gbẹ́ etí mi kọjá, ó ń súfèé."

"Ìbẹ́pẹ tó pọ́n?"

"Ó pọ́n, Baálẹ̀, ó sì ń súfèé."

"Ó kù kó o ní ó kí ọ, Sàúdátù," ni Hàwáù wí.

Baálẹ̀ yíjú sí Tíṣà. "Tọ́rọ́ tó o san, báwo ló ṣe dé ọwọ́ rẹ̀?"

"Mo… mo tọ́ọ̀sì rẹ̀ ni, Bàbá."

Hàwáù ṣí gèlè sẹ́yìn, ó na ìka sí iwájú orí rẹ̀. "Ibí ló tọ́ọ̀sì rẹ̀ sí. Ẹ wò ó bó ṣe wú."

Àwọn ìjòyè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó. Ó wú.

"Ẹnu ò lè wọn agbára," ni Baálẹ̀ wí. "Tíṣà, bọ́ kóòtù kejì tó wà lọ́rùn rẹ, kó o jókòó sórí àpótí yẹn bó o ṣe jókòó nínú mọ́tò. Ẹ gbé ìbẹ́pẹ wá."

Tíṣà ku síngílẹ́ẹ̀tì. Hàwáù ṣe tọ́ọ̀sì, ó rọra jù ú bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá rẹ̀. Ìbẹ́pẹ bà sí Tíṣà láyà, pọ̀ọ́, ó ṣàn dé itan.

"Ṣe fílìngì."

Hàwáù dijú, ó jù ú. Ọ̀tún Baálẹ̀ ló bà.

"Ó tó. A ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn mọ́. Tíṣà, ọwọ́ rẹ dà nígbà tí àkọ́kọ́ ń bọ̀?"

"Ó wà lórí orúnkún mi, Bàbá."

"Lọ́jọ́ náà ńkọ́?"

Tíṣà wolẹ̀. "Ìwé ìròyìn ni mo fi mú."

"O ra ìbẹ́pẹ nínú mọ́tò tó ń lọ, o wá ṣí ìwé ìròyìn?"

"Mo rò pé wọ́n á gbé e wá fún mi nínú abọ́ ni."

Ẹ̀rín gba àgbàlá. Baálẹ̀ jẹ́ kó rọlẹ̀ kó tó dájọ́.

"Hàwáù, ìdíkọ̀ ò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n ìbẹ́pẹ ò gbọdọ̀ fò mọ́ ní Fìdítì. Ọwọ́ sí ọwọ́ ni wàá máa fi í lé. Bí mọ́tò bá ti lọ, gbé e tẹ̀lé wọn dé Ìbàdàn. Wàá fọ kóòtù yìí. Bí kò bá funfun, fi ìbẹ́pẹ pa ìyókù, kó lè rí bákan náà. Ìwọ Tíṣà, ya ìwé yẹn. Láàárọ̀ Sátidé méje, wàá jókòó sórí àpótí ní ìdíkọ̀, wàá na ọwọ́ méjèèjì, Hàwáù á máa ju ọsàn sí ọ títí wàá fi hán ogún láìjẹ́ kí ọ̀kan bọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ ni yóò máa kà á."

Ọ̀tún ń nu àyà. "Èmi tó bà ńkọ́?"

"Gẹ̀ẹ́sì ló bà ọ́. A kì í pe ìyẹn lẹ́jọ́."

Tíṣà ya ìwé náà sí mẹ́rin. Hàwáù dúpẹ́, ó dìde pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ògiri, ó sì dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. Ó wo síngílẹ́ẹ̀tì Tíṣà títí.

"Baálẹ̀," ló wí, "ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa ọ̀pẹ òyìnbó."