Ìkéde Nítorí Àwọn Tó Ń Tọ́ Oògùn Mofíyìn Wò

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Òkè-Ìrókò, ẹ gbọ́ o! Ará Ìsàlẹ̀ Odò, ẹ gbọ́! Ará Ìdí Ọsàn, ẹ gbọ́! Ẹ̀yin tí ẹ ń kun ilé, ẹ sọ búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ wà ní balùwẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọṣẹ wà lójú, ẹ ṣáà ṣí etí yín! Agogo tí mò ń lù yìí kì í ṣe ti ewúrẹ́ tó sọnù. Kì í ṣe ti omi ẹ̀rọ. Agogo ọmọdé ni. Agogo èémí ni!

Èmi Adéòtí, akéde ààfin, ni mò ń sọ̀rọ̀. Kábíyèsí Olókè ló rán mi. Kábíyèsí ò rẹ́rìn-ín nígbà tó ń rán mi. Ẹ̀yin náà, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ẹ̀rín bá pa, kó kọjú sí ògiri.

Kí n tó ka àṣẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo mọ̀ yín. Bí mo bá fi òfin ṣáájú, ẹ ó ní ọba tún ti jí pẹ̀lú ọ̀rọ̀.

Ẹ mọ Mofíyìn. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni, ọmọ Fadérera aránṣọ, ní agbo ilé Arógundádé. Àsímà ń ṣe é, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ikọ́ fée. Dókítà kọ oògùn méjì fún un. Ìnhélà ni méjèèjì, oògùn tí wọ́n ń tẹ̀ tí ọmọ ń mí sínú. Búráùn ni ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni tiẹ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ìbáà jẹ́ pé ọmọ ń wúkọ́, ìbáà jẹ́ pé ó ń jó. Òun ló ń ṣọ́ àyà kí ìjà má baà dé. Búlúù ni èkejì. Ọjọ́ ìjà ni tiẹ̀, nígbà tí èémí bá há. Ike gbọọrọ kan tún wà, ìbòmú wà lẹ́nu rẹ̀. Inú ike yìí ni oògùn ń gbà kí ọmọ lè mí i sínú wẹ́rẹ́. Dókítà kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Ìwé náà ò gùn. Ojú kan péré ni!

Fadérera wá rìnrìn àjò. Àbúrò rẹ̀ bímọ, ó lọ bá a wẹ ọmọ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó kó oògùn, ike àti ìwé lé àwọn àgbà ilé lọ́wọ́. Àgbà mọ́kànlá! Ó ṣàlàyé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ní kó lọ fọkàn balẹ̀.

Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ mọ àṣà wa. Ní Òkè-Ìrókò, nǹkan kan kì í wọ ẹnu ọmọ kí àgbà má tíì tọ́ ọ wò. Bí ẹ̀kọ ni, àgbà á tọ́ ọ wò. Bí ọsàn ni, àgbà á tọ́ ọ wò. Nígbà míì ọsàn á tán. Ọmọ á sunkún, àgbà á ní òun gbà á lọ́wọ́ ewu.

Ìdí nìyẹn tí Ìyá Sùúrù, ìyálé ilé, fi gbé búlúù sórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ṣé ọjọ́ tí àìsàn bá dé ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wádìí bóyá oògùn dára? Ẹ wí, kí lẹ fẹ́ fi dá a lóhùn? Wọ́n tò. Àgbà mọ́kànlá tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀. Àgbà mọ́kànlá tẹ̀ ẹ́ nírọ̀lẹ́. Bàbá Àkànmú ní kò ládùn, wọn ì bá fi ata díẹ̀ sí i. Ìyá Sùúrù ní òun gbọ́ ọ ní orúnkún òsì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó padà wá nítorí ti ọ̀tún. Àgbà kan tiẹ̀ wà tí kò fà á sínú rárá. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i ni, ó ní òun ń fi kún un fún ọmọ.

Búráùn ńkọ́? Inú àpótí aṣọ ni wọ́n tì í mọ́. Wọ́n wo Mofíyìn, ó ń lé adìyẹ kiri àgbàlá. Wọ́n ní ara ọmọ yá, kí ló fẹ́ fi oògùn ṣe? Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí yóò wúlò.

Ìwé dókítà ńkọ́? Bàbá Àkànmú fi pọ́n áásáà.

Báyìí ni ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣe lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹwàá, kí àwọn àgbà tó tò, èémí Mofíyìn há. Àyà rẹ̀ ń wọlé, ó ń jáde. Ọ̀nà ọ̀fun ń ké fée, fée. Ó fẹ́ pe ìyá rẹ̀, ó dé ìdajì orúkọ, kò lè pe ìyókù. Ìyá Sùúrù sáré gbé búlúù. Ó tẹ̀ ẹ́. Òfo! Ó tún un tẹ̀. Òfo! Ó gbọ̀n ọ́n, ó bẹ̀ ẹ́, ó pè é ní ọkọ òun. Òfo! Igba ìtẹ̀ ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí Fadérera lọ. Kò ku ẹyọ kan.

Ọlọ́kadà kan ló gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ òkè lọ sí ọsibítù. Ìyá Sùúrù gbé ọmọ jókòó ṣánṣán lórí itan, ó gbàgbé gèlè, ó gbàgbé bàtà, ó gbàgbé orúnkún méjèèjì. Nọ́ọ̀sì Títílọpẹ́ ò bèèrè ẹjọ́. Ó fi oògùn àti atẹ́gùn sí ọmọ nímú. Ẹ gbọ́ o, ọmọ mí! Mo ní ọmọ mí! Ẹ ṣe àmín kí n lè máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Nígbà tó di ọ̀sán, Nọ́ọ̀sì gun òkè wá sí ààfin. Kò kúnlẹ̀ pẹ́. Ó gbé ìnhélà òfo náà ka iwájú Kábíyèsí, ó ṣe ìṣirò rẹ̀ lójú gbogbo ìjòyè. Àgbà mọ́kànlá, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ó jẹ́ méjìdínnígba. Ó ní méjì kù. Ó ní méjì yẹn ì bá ti fún ọmọ ní èémí díẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní ta ló tẹ méjì yẹn? Kábíyèsí wúkọ́. Kábíyèsí gbójú sókè. Kábíyèsí ní òun yà kí wọn ní ilé Arógundádé lọ́jọ́ kẹjọ, wọ́n sì ní kí òun tọ́ ọ wò, nítorí ọba ni bàbá gbogbo ọmọ. Ó ku ẹyọ kan. 

Ibẹ̀ ni àṣẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ká ọwọ́ yín, kí ẹ máa kà á pẹ̀lú mi!

Àṣẹ Kìíní! Oògùn tí dókítà kọ fún ọmọ, ti ọmọ náà nìkan ni. Àgbà ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Àlejò ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ọba ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Kábíyèsí ní kí n tún ti ọba sọ: ọba ò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò! Ẹni tí ẹnu bá ń yún, kó lọ tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìjìyà: ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ yóò fi ẹnu fẹ́ igba bàlúù níwájú ààfin, láìsinmi, yóò so wọ́n níkọ̀ọ̀kan, yóò sì jókòó sáàárín wọn títí di ìrọ̀lẹ́. Èyí tó bá bẹ́, yóò tún òmíràn fẹ́.

Àṣẹ Kejì! Búráùn kì í simi. Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ fún un. Bí ọmọ bá ń lé adìyẹ, ẹ fún un. Oògùn yẹn ló jẹ́ kó lè lé adìyẹ! Ẹni kan ò gbọdọ̀ dá a dúró, ẹni kan ò gbọdọ̀ dín in kù, ẹni kan ò gbọdọ̀ fi kún un, àfi dókítà. Ìjìyà: ẹni tó bá tì í mọ́ àpótí, a ó ti eyín àtọwọ́dá rẹ̀ mọ́ àpótí, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, lákòókò oúnjẹ gan-an. Ẹni tí eyín rẹ̀ ṣì pé, a ó ti ẹran inú ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Àṣẹ Kẹta! Bí a ti ń fún ọmọ nìyí, ẹ má ṣe ju èyí lọ. Ọmọ á jókòó ṣánṣán. Ẹ má fi í lélẹ̀ bí ẹni fẹ́ rọ ọmọ lágbo. Ẹ kọrin fún un bó bá ń sunkún. Ẹ gbọn ìnhélà. Ẹ ki ẹnu rẹ̀ bọ ìdí ike gbọọrọ. Ẹ fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, kí àlàfo má sí. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan! Kì í ṣe aago ẹnu ọ̀nà! Ẹ jẹ́ kí ọmọ mí wọlé mí jáde lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ máa kà á sókè. Bí dókítà bá kọ ìkejì, ẹ tún un gbọ̀n, ẹ tún un tẹ̀. Lẹ́yìn ti búráùn, ẹ fi omi fọ ẹnu ọmọ, ẹ nu ojú rẹ̀. Ike gbọọrọ náà kì í ṣe fèrè. Mo ti rí ẹni tó ń fi í pe ajá. Ẹni náà mọ ara rẹ̀.

Àṣẹ Kẹrin! Búlúù yóò máa wà níbi tí ọwọ́ àgbà ti lè tó o kíákíá, tí ọwọ́ ọmọ ò ní tó o. Ibi tí ọmọ bá lọ, ibẹ̀ ló ń lọ. Bí ọmọ bá lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ọmọ bá lọ sí ilé kéú, ó lọ sí ilé kéú. Ẹ máa wo iye tó kù nínú rẹ̀, kí ẹ sì gba òmíràn kó tó tán. Ìjìyà: ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ sílé yóò sáré padà lọ mú un, àwọn ọmọ iléèwé yóò sì máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e.

Àṣẹ Karùn-ún! Níbí yìí, Kábíyèsí ní kí n sọ ohùn mi kalẹ̀. Lọ́jọ́ tí èémí ọmọ bá há, ẹ gbé e jókòó, ẹ fún un ní búlúù bí ìwé dókítà ti wí. Bí kò bá rọlẹ̀, bí ọmọ ò bá lè sọ̀rọ̀, bí ètè rẹ̀ bá ń dúdú, ọsibítù ni lójú ẹsẹ̀. Kò sí epo pupa. Kò sí àgbo. Kò sí ẹ jẹ́ kí bàbá rẹ̀ dé. Ọlọ́kadà tó bá bèèrè owó kó tó gbéra, kó wá bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọba.

Àṣẹ Kẹfà! Èéfín ò gbọdọ̀ wọ yàrá ọmọ tó ní ikọ́ fée. Sìgá, rárá! Kọ́ìlì ẹ̀fọn, rárá! Igi ìdáná, ẹ gbé e jìnnà! Ìjìyà: a ó gbé àga olúwarẹ̀ lọ síbi tí wọ́n ti ń yan ẹja, yóò jókòó síbẹ̀ títí a ó fi yí ẹja padà lẹ́ẹ̀mejì.

Àṣẹ Keje! Ìwé dókítà kì í ṣe ti áásáà. Nọ́ọ̀sì ti kọ òmíràn, a ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé Arógundádé. Bàbá Àkànmú yóò máa kà á láìwò ó ní gbogbo ọjọ́ ọjà, títí kò fi ní ṣì í mọ́. Ó ti gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. Ìlà kejì ló ti há.

Àṣẹ ọba parí síbẹ̀. Iṣẹ́ mi parí síbẹ̀. Ó yẹ kí n gbé agogo mi máa lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ. Ẹ dákun.

Ẹyọ kan yẹn. Ìdájí ọjọ́ kẹwàá, mò ń lọ ké nípa ọ̀nà oko tí a fẹ́ ro. Ohùn mi há. Mo gba iwájú ilé Arógundádé, mo rí búlúù lórí àpótí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ti gbọ́ pé ó máa ń la ọ̀fun. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò tiẹ̀ la nǹkan kan. Mo ké tèmi lọ. N ò tíì dé Ìdí Ọsàn tí mo fi gbọ́ igbe Ìyá Sùúrù.

Fadérera dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀, ó ń mi ìnhélà òfo yẹn létí, ó ń mì ín, bóyá nǹkan ṣì kù níbẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò ó, n ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mò ń fi ẹnu jẹun! Ojú tì mí, ẹ̀yin ará mi. Ó ń tì mí títí di ìsinsìnyí.

Ẹ kó igba bàlúù wá síwájú ààfin lọ́la. Èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ kó wọn fún.

Mo ti ké e dé Ìsàlẹ̀ Odò, mo ti ké e dé Ìdí Ọsàn. Ẹni tó gbọ́, kó gbé e dé etí ẹni tó wà lóko. Ẹni tó sùn, kí ará ilé rẹ̀ jí i. Àṣẹ méje àkọ́kọ́, ọba ló rán mi. Èyí tó gbẹ̀yìn yìí, ẹnikẹ́ni ò rán mi. Èmi Adéòtí ni mo rán ara mi o!