Ilé Bàbá Àgbà Ò Ní Wó

Ọjọ́ kan wà tí kò gbà láti kúrò lọ́kàn mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa lọ ní tirẹ̀. Ọjọ́ náà ni mo fẹnu ara mi sọ fún obìnrin ìjọba kan pé èmi kì í sá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ilé náà. Àárín ìgboro Jọ́ọ̀sì ló wà, ní apá Dilimi: ṣọ́ọ̀bù méjì lábẹ́ òrùlé kan, pẹ̀lú ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró níwájú. Bàbá àgbà mi, tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣiṣẹ́ níbi ìwakùsà, ló kọ́ ọ. Ó ní òkúta ni òun fi mọ odi rẹ̀, àti pé irin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ látòkè délẹ̀, wọ́n sì fi pákó bo àjà, nítorí náà kò sẹ́ni tó rí òkúta, kò sẹ́ni tó rí irin. Ohun tí àdúgbò rí ni ilé kan tó tẹ̀ díẹ̀, bí arúgbó tó fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa. Ilé amọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Èmi ń ta bàsíà àti abọ́ irin nínú ṣọ́ọ̀bù kan. Màlámù Garba, télọ̀, wà nínú ìkejì. Lọ́dún tí ìlú dàrú, tí àwọn èèyàn ń para wọn, inú àjà yẹn ni mo sá sí fún ọjọ́ méjì. Mo dùbúlẹ̀ lé nǹkan tútù kan tó le, tí mo rò pé páìpù omi ni. Garba jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ránṣọ lọ, ó ń sọ fún ẹni tó bá béèrè mi pé mo ti padà sílé. Bí mo ṣe wà láàyè títí dòní nìyẹn. Láti ìgbà náà, n kò gbé àkàbà kúrò lẹ́nu àjà mọ́. Àwọn ẹbí ní kí n ta ilé, kí n máa bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ní n kò lọ.

Ni lẹ́tà ìjọba bá dé pé ilé wa wà lára àwọn tó lè wó pa èèyàn. Ẹnjiníà kan ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò. Bí kò bá rí ohun tó gbé e ró, wọ́n á wó o.

Ẹnjiníà dé láàárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè. Obìnrin ni, ọmọ tíṣà ará Èkìtì kan, Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Háúsá àti Yorùbá sì ń du àyè lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ìka kan ògiri.

“Haba, Bàbá! Ta ló ní òkúta ni èyí?”

“Ẹni tó kọ́ ọ ni.”

“Ìwé rẹ̀ dà?”

“Ẹnu rẹ̀ ni ìwé.”

“Ẹ̀rù ò wá ń bà yín, tẹ́ ẹ ń jókòó sábẹ́ rẹ̀?”

Ìbéèrè yẹn bí mi nínú. Mo dìde, mo fọwọ́ lu àyà. “Ẹnjiníà, mo ti rí ohun tó ju ilé wíwó lọ nílùú yìí. Ilé yìí ò ní wó, èmi náà ò ní sá!”

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán: gbàù!

Ẹni tó bá ti gbé Jọ́ọ̀sì rí mọ ohun tó kàn. Ẹnì kan sá, ẹnì kejì ò béèrè ìdí, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ń pa dé gbàgà gbàgà jákèjádò òpópónà. Garba bẹ́ wọlé, ó fa ilẹ̀kùn irin wálẹ̀. Ẹnjiníà wọ abẹ́ tábìlì. Èmi tó lu àyà ńkọ́? Mo ti wà lórí àkàbà. N kò tiẹ̀ rántí pé mo ní àlejò.

Lọ́dún tí ìlú dàrú, tín-ín-rín ni mí. Lọ́tẹ̀ yìí, ikùn mi kọ́kọ́ bá ẹnu àjà jà kí ó tó gbà á láyè. Mo dùbúlẹ̀ sínú eruku, mo ń gba gbogbo àdúrà tí mo mọ̀.

Nígbà tó yá, Garba yọjú wo ìta. “Táyà ni! Wallahi, táyà ọkọ̀ tòmátì tó ń lọ sí ọjà Farin Gada ló bẹ́! Abokina, ọ̀rẹ́ mi, sọ̀ kalẹ̀!”

Mo gbọ́ ohùn Ẹnjiníà lábẹ́ tábìlì: “Ẹni tí ò ní sá dà?”

Mo ní kí n rọra yíra padà, kí n sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni iyì. Àṣé ikán ti jẹ pákó. Ó dún kẹ̀kẹ̀, mo já. Ṣùgbọ́n n kò dé ilẹ̀. Ẹ̀yìn bùbá mi ti kọ́ nǹkan tútù ọjọ́sí, mo sì ń fì dirodiro lókè bí ẹran tí alápatà gbé kọ́.

“Ẹ má mira!” ni Ẹnjiníà wí. Kì í ṣe èmi ló ń wò. Ó ti tan tọ́ọ̀ṣì sókè. “Bàbá, irin kí nìyẹn?”

“Páìpù omi ni.”

“Páìpù kẹ̀? Irin ojú rélùwéè ni, èyí tí kẹ̀kẹ́ ìwakùsà máa ń rìn lórí rẹ̀! Ó ti ògiri dé ògiri. Ẹ wo ibi tí sìmẹ́ǹtì ti bó: òkúta ló gbé e!”

“Irin yẹn lágbára o,” ni Garba wí. “Ẹ ò rí ohun tó so mọ́ ọn?”

“Garba, gbé àkàbà wá!”

“Fara balẹ̀, abokina. Èmi ni mo rán bùbá yẹn. Kò lè ya láéláé.”

Ó ya.

Àárín bàsíà ni mo bọ́ sí. Ariwo tó jáde níbẹ̀ ju ti táyà lọ. Àwọn tó ti padà wá bá onítòmátì ṣa ẹrù rẹ̀ tó dà sílẹ̀ tún fọ́nká, wọ́n ń kígbe pé ìjà ti dé ilé amọ̀! Wọ́n tẹ ìyókù tòmátì náà di ọbẹ̀.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n má fọwọ́ kan ilé náà, kí onílé pààrọ̀ àjà. Mo ti pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò dí ibi tí mo gbà já, kí ẹni tó bá tún fẹ́ pè é ní ilé amọ̀ lè gbójú sókè wo irin.

Mo ti kọ́gbọ́n. N kò ní lu àyà fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀rù ń bà mí, n kò sì ní purọ́ nípa rẹ̀. Bí ariwo bá tún dún, màá sá. Àmọ́ kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ ni màá sá lọ. Àjà ilé bàbá àgbà mi ni màá sá sí, orí irin gan-an ni màá sì dùbúlẹ̀ lé. Garba ti bá mi tún bùbá náà rán. Ó ní òwú méjì ni òun fi rán an lọ́tẹ̀ yìí, pé kò lè ya láéláé. Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀yìn sì tún dùn mí.